Ẹsẹ̀ Mi Lábẹ́ Táyà Kẹ̀kẹ́ Àlàájà

Ní Ẹ̀jìgbò, èmi ni ẹni àkọ́kọ́ tí kẹ̀kẹ́ akẹ́rù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tuntun gorí ẹsẹ̀ rẹ̀, èmi náà ni mo sì ń wà á lọ́wọ́. Mo ti kọ ìròyìn ìjàǹbá ọkọ̀ tó pọ̀ láyé mi. Mo ti kọ nípa ọkọ̀ tó gbá ewúrẹ́, ọkọ̀ tó wọ inú ṣọ́ọ̀bù lọ bá oníbàárà, àti ọlọ́kadà tó gbá ọlọ́kadà ẹgbẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n awakọ̀ tó fi ọkọ̀ tí òun fúnra rẹ̀ ń wà tẹ ara rẹ̀ lẹ́sẹ̀, ní gbangba, lójú òṣìṣẹ́ ìjọba, n kò pàdé irú rẹ̀ rí kó tó di ọjọ́ náà.

Òwúrọ̀ ọjọ́ kan lásìkò òjò ni, ní pápá gbalasa kan tí kò jìnnà sí gáréèjì. Ẹni tó ni kẹ̀kẹ́ ni Àlàájà kan, ọmọ bíbí Ẹ̀jìgbò, tó lo èyí tó pọ̀ jù nínú ayé rẹ̀ ní Àbíjàn, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó ẹrù rẹ̀ padà wálé. Ẹni tó to kẹ̀kẹ́ náà pọ̀ ni mẹkáníìkì kan ládùúgbò wa, nítorí inú àpótí pákó ni wọ́n kó o wá, ní wẹ́wẹ́, bí ẹran tí alápatà ti kun. Òṣìṣẹ́ kan láti ìjọba ìbílẹ̀ wà níbẹ̀, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ àbójútó ọkọ̀ lójú pópó. Alága àwọn ọlọ́kadà náà wà níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò pe èrò ìwòran, àmọ́ àwọn ló tètè dé jù.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe eré fún Àlàájà. Iṣẹ́ tó fẹ́ fi ìyókù ayé rẹ̀ ṣe ni kó máa ra iṣu àti ẹ̀gẹ́ ní Ifẹ̀-Ọ̀dàn, kó máa gbé e wá fún àwọn tó ń ta iṣu àti àwọn tó ń ṣe gàrí ní Ẹ̀jìgbò. Ẹ̀gẹ́ kì í sì í dúró de ẹnikẹ́ni. Bí wọ́n bá wú u lónìí, kò ní pẹ́ tí inú rẹ̀ yóò fi máa dúdú. Ẹni tó bá dì í sẹ́yìn ọ̀kadà, ìwọ̀nba ni yóò rí gbé. Ẹni tó bá dúró de bọ́ọ̀sì, yóò dúró títí bọ́ọ̀sì yóò fi kún. Nígbà tí irú kẹ̀kẹ́ tuntun yìí wá jáde, tí wọ́n ní owó rẹ̀ mọ níwọ̀n, pé apá ẹni tí kò lè ra ọkọ̀ akẹ́rù yóò ká a, Àlàájà ta ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Àbíjàn, ó ra ọ̀kan.

Kó tó gbé ẹ̀gẹ́ àkọ́kọ́, àwọn ọlọ́kadà ti kọ̀wé ẹ̀sùn. Wọ́n ní yóò dí ọ̀nà ọjà, wọ́n ní ó léwu. Ìjọba ìbílẹ̀ ní kó má tíì wọ ọjà, kó jẹ́ pé etí ìlú ni yóò máa já ẹrù sí, títí òṣìṣẹ́ àwọn yóò fi fi ojú ara rẹ̀ wò ó.

Àlàájà fi ọwọ́ kan orí kẹ̀kẹ́ nígbà tó ń ṣàlàyé fún mi. Ó ní, “Bàbá oníròyìn, bí mo bá já ẹrù sí etí ìlú, ta ni yóò bá mi gbé e wọ ọjà? Ọ̀kadà náà ni. Kí ni mo wá ra èyí fún nígbà náà? Mo ti ta ṣọ́ọ̀bù. Kò sí Àbíjàn tí mo tún ń padà sí. Ẹ bá mi kọ ọ́ dáadáa o.”

Mo ní kó fọkàn balẹ̀. Mo tilẹ̀ ti kọ ọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, bí mo ṣe ń mu ògì nílé, mo ti kọ gbólóhùn àkọ́kọ́ sínú ìwé mi pé, “Ìrọ̀rùn dé bá àgbẹ̀ Ẹ̀jìgbò: akọ̀ròyìn àgbà dán kẹ̀kẹ́ tuntun wò, ó ní ó ń lọ geere.” N kò tíì fojú kan kẹ̀kẹ́ náà nígbà tí mo kọ ọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má sọ fún ọ̀gá mi.

Kẹ̀kẹ́ náà dára lójú lóòótọ́. Ó pupa fòò. Iwájú rẹ̀ kò yàtọ̀ sí alùpùpù tí gbogbo wa mọ̀: ọwọ́ ìdarí, táǹkì epo, ìjókòó tí wọn ò tíì ṣí ọ̀rá kúrò lórí rẹ̀. Àlàájà ti kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan ọ̀rá yẹn. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti yí padà. Àpótí irin gbàgàdà kan ló wà níbẹ̀, kò lórí, ó jókòó sórí táyà méjì. Mẹkáníìkì ti kó apẹ̀rẹ̀ ẹ̀gẹ́ bíi mélòó kan sínú rẹ̀ kí ojú òṣìṣẹ́ ìjọba lè rí ẹrù.

“Máṣìnì ni àbí ọkọ̀?” Obìnrin kan tó ń kiri búrẹ́dì ló béèrè.

Télọ̀ kan tó so okùn ìwọnṣọ mọ́rùn ló dá a lóhùn. “Ọ̀kadà ló fẹ́ ọmọláńkẹ́. Ọmọ tí wọ́n bí rèé.”

Mo kọ ìyẹn sílẹ̀ kíá. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ni mo fi ń jẹun.

Ohun tó ya gbogbo ayé lẹ́nu jù ni pé kẹ̀kẹ́ náà ń fi ẹ̀yìn rìn. Mẹkáníìkì fa ọ̀pá kékeré kan, kẹ̀kẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí padà sẹ́yìn, ohùn obìnrin kan sì ń ti inú rẹ̀ sọ̀rọ̀ léraléra ní èdè Ṣáínà. Àwọn èèyàn fò sẹ́yìn.

“Kí ló ń wí?” Alága ọlọ́kadà ló béèrè bẹ́ẹ̀.

Àlàájà ní, “Ó ń kí yín ni. Ẹ dá a lóhùn.”

Nígbà tí òṣìṣẹ́ ìjọba jókòó sórí àga rọ́bà lábẹ́ igi máńgòrò, tó ṣí fáìlì rẹ̀, ó ní kí wọ́n wà á yí pápá ká kí òun rí i. Mẹkáníìkì ní Àlàájà fúnra wọn ni yóò wà á, pé ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi kọ́ ọ nínú ọgbà òun. Àlàájà ti ń ká ìjáábù rẹ̀ sókè díẹ̀ kó lè gùn ún.

Èmi ni mo dá a dúró. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wá ẹni tí mo máa dá lẹ́bi fún èyí, n kò rí ẹlòmíì. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ń gun alùpùpù kiri agbègbè yìí lẹ́nu iṣẹ́ ìròyìn, láti Ìsúndùnrìn dé Ọlá, nínú ẹrẹ̀ àti nínú eruku, n kò sì ṣubú rí. Gbogbo ẹni tó bá mọ̀ mí ló mọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí mo máa ń sọ ọ́ fún wọn.

Mo ní, “Àlàájà, ẹ̀yin tí ẹ ò gun bàsíkùlù rí? Ẹ má jẹ́ ká ba ọjọ́ jẹ́. Ẹ jẹ́ kí àwa tí a mọ máṣìnì bá yín gùn ún. Fọ́tò rẹ̀ náà yóò dára nínú ìwé ìròyìn.”

Ó wo mẹkáníìkì. Ó wò mí. Ó ní, “Àgbà ni yín, Bàbá oníròyìn. Bísímílláì. Ẹ rọra o, dúsúmà.” Dúsúmà ni àwọn tó ti Àbíjàn dé ń pe pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Gbogbo Ẹ̀jìgbò ló gbọ́ ọ.

Mẹkáníìkì tẹ̀lé mi dé ìdí kẹ̀kẹ́. “Bàbá, nǹkan méjì péré. Bí ẹ bá fẹ́ yà, ẹ má fi ara dẹ̀gbẹ́ bíi ti ọ̀kadà, ọwọ́ ni kí ẹ fi yí i. Ìkejì, ẹ má sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀. Ẹsẹ̀ mẹ́ta ló ní, kò lè ṣubú, kò fẹ́ ẹsẹ̀ yín.”

Mo ní, “Ọmọ mi, nígbà tí mo ti ń gun máṣìnì, bàbá rẹ ò tíì rí ìyá rẹ.”

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín, ó sì kúrò lọ́nà.

Ibi tí ọ̀nà ti lọ tààrà, èmi gan-an ni ọba. Kẹ̀kẹ́ ń lọ jẹ́jẹ́, ẹ̀gẹ́ ò mì, mo juwọ́ sí obìnrin oníbúrẹ́dì. Mo dé ìkangun pápá, ó tó àkókò láti yà sí òsì. Mo ṣe ohun tí ara mi ti mọ̀ láti ọgbọ̀n ọdún: mo fi ara dẹ̀gbẹ́ sí òsì. Alùpùpù mi nílé, bí mo bá ti dẹ̀gbẹ́ báyìí, ó ti mọ ibi tí mò ń lọ. Kẹ̀kẹ́ yìí ò mọ̀ mí rí. Ó ń lọ tààrà. Mo tún dẹ̀gbẹ́ sí i. Ó ń lọ tààrà, níbi tí igi máńgòrò wà, níbi tí àga rọ́bà wà, níbi tí òṣìṣẹ́ ìjọba wà pẹ̀lú fáìlì rẹ̀ lórí itan. Ẹ̀rù bà mí, ọgbọ́n kan ṣoṣo tó kù lára mi ni mo sì lò. Mo sọ ẹsẹ̀ òsì kalẹ̀ kí n má bàa ṣubú.

Kẹ̀kẹ́ tí kò lè ṣubú gorí ẹsẹ̀ náà pẹ̀lú táyà ẹ̀yìn àti ẹ̀gẹ́ tó wà lórí rẹ̀.

Òjò ló gbà mí. Ilẹ̀ ti rọ̀, ẹsẹ̀ mi wọlẹ̀ bí èbù iṣu, bàtà aláwọ tí mo wọ̀ nítorí fọ́tò wọlẹ̀ tẹ̀lé e. Ọwọ́ mi já kúrò lára ọwọ́ ìdarí tí mo fi ń fún un níná, ẹ́ńjìnnì kú. Iwájú kẹ̀kẹ́ dúró níbi tí òṣìṣẹ́ ìjọba lè nawọ́ kàn án. Ó ti dìde, ó fi àga rọ́bà ṣe asà sí àyà.

Gbogbo pápá yíjú sí mi. Lójú gbogbo wọn ni mo ti la ẹnu mi, mo sọ ọ̀rọ̀ tí ń tì mí lójú ju ẹsẹ̀ lọ títí di òní. Mo ní, “Bíréèkì ni! Bíréèkì ò mú!”

Mẹkáníìkì gbọ́ ọ. Ó kàn wò mí.

Alága ọlọ́kadà kígbe ní tirẹ̀. “Ọ̀gá, ṣé ẹ rí i? Ṣé ẹ gbọ́ ọ? Bàbá tó ti ń gun máṣìnì látayébáyé nìyí. Bí ó bá lè ṣe irú èyí sí bàbá, kí ni yóò ṣe fún ìyá ọlọ́jà tó gbé igbá sórí lójú ọ̀nà ọjà?”

Òṣìṣẹ́ ìjọba sọ àga kalẹ̀, ó kọ nǹkan sínú fáìlì, ó kọ ọ́ pẹ́. Ó ní, “Bí bíréèkì ò bá mú lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, n kò lè fọwọ́ sí i pé kó wọ ọjà.” Ó pa fáìlì dé. Àlàájà jókòó sí etí àpótí irin, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀gẹ́ rẹ̀, bí ẹni tó ń dúró de bọ́ọ̀sì.

Wọ́n gbé mi sí abẹ́ igi, wọ́n da omi sí mi lẹ́sẹ̀. Àtàǹpàkò ti dúdú, ẹsẹ̀ ti ń wú, ṣùgbọ́n egungun ò ṣẹ́. Mo fa ìwé mi yọ. Iṣẹ́ ló ti mọ́ mi lára: níbi tí ìjàǹbá bá ti ṣẹlẹ̀, mo gbọ́dọ̀ gbọ́ tẹnu àwọn tó rí i. Bóyá mo tún ń wá ẹni tí yóò gbè mí lẹ́yìn.

Mo kọ́kọ́ bi télọ̀. Ó ní, “Bí ẹ ṣe ń tẹ̀ yẹn, mo rò pé nǹkan yín ló bọ́ sílẹ̀. Èmi gan-an ti ń bá yín wolẹ̀.”

Obìnrin oníbúrẹ́dì ní, “Èmi gbọ́ tí ẹ ké yéè. Lẹ́yìn náà ni táyà gorí ẹsẹ̀ yín.”

“Lẹ́yìn náà kẹ̀? Ṣé mo ti ké kó tó gùn ún?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Ẹ ti mọ ohun tó ń bọ̀.”

Bàbá arúgbó kan tó ń ka tẹ̀sùbáà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ò dúró kí n bi òun. Ó ní, “Ẹsẹ̀ tó ṣẹ̀ ni kẹ̀kẹ́ gùn. Kò tẹ ti ẹlòmíì.”

Mo padà sọ́dọ̀ télọ̀, mo rọra béèrè pé ṣé ó rí i pé mo tẹ bíréèkì.

“Ẹsẹ̀ wo lẹ fẹ́ fi tẹ̀ ẹ́? Ọ̀kan wà lábẹ́ táyà, èkejì ń jó lókè.”

Mo kọ ìyẹn sílẹ̀ pẹ̀lú. Ọwọ́ mi ò yá bíi ti tẹ́lẹ̀.

Ìgbà yẹn ni Àlàájà dé. Ó mú ìpara kan tó ń ta sánsán dání, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ra ẹsẹ̀ mi fúnra rẹ̀. Kò bínú. Ká ní ó bínú ni, ì bá sàn fún mi. Ó kàn rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní, “Bàbá oníròyìn, ẹ jọ̀wọ́, mo fẹ́ mọ̀ ni. Ṣé bíréèkì ni lóòótọ́? Bó bá jẹ́ bíréèkì ni, mo máa dá a padà fún ẹni tó tà á fún mi. Èmi náà ò fẹ́ pa èèyàn.”

Ohun tí mo lè sọ pọ̀. Mo wo ẹ̀yìn orí rẹ̀, mo wo kẹ̀kẹ́ pupa rẹ̀, mo sì rí òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti ń wá kọ́kọ́rọ́ alùpùpù rẹ̀ nínú àpò. Bí ó bá lọ, ọ̀rọ̀ tó wà nínú fáìlì yẹn yóò lọ pẹ̀lú rẹ̀.

Nínú iṣẹ́ wa, bí a bá kọ àṣìṣe sínú ìwé ìròyìn, a máa ń ṣe àtúnṣe. Ìsàlẹ̀ ojú ewé ẹ̀yìn la máa ń tẹ̀ ẹ́ sí, kí lẹ́tà rẹ̀ kéré, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ní rí i. Pápá yìí ò ní ojú ewé ẹ̀yìn. Mo di èjìká télọ̀ mú, mo tiro dé ọ̀dọ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba, gbogbo èrò ìwòran sì tẹ̀lé mi nítorí wọn ò fẹ́ kí nǹkan kan kọjá wọn.

Mo ní, “Ọ̀gá, ẹ bá mi pa ọ̀rọ̀ bíréèkì rẹ́. Mi ò fẹsẹ̀ kàn án. Mẹkáníìkì kìlọ̀ fún mi kí n má dẹ̀gbẹ́, mo dẹ̀gbẹ́. Ó ní kí n má sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀, mo sọ ọ́ kalẹ̀. Kẹ̀kẹ́ ò ṣẹ̀. Èmi ni.”

Ẹ̀rín tó bú sẹ́yìn mi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ewúrẹ́ kan fi sá. Alága ọlọ́kadà ní, “Bàbá, ṣé ẹ ò ní ẹ ò ṣubú rí?” Mo ní n kò ṣubú. Télọ̀ ní òótọ́ ni, kẹ̀kẹ́ ló di bàbá mú.

Òṣìṣẹ́ ìjọba ò rẹ́rìn-ín. Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó pẹ́ díẹ̀ níbi ẹsẹ̀. Ó béèrè pé, “Ta ló wá mọ̀ ọ́n wà nínú yín?”

Mẹkáníìkì ní, “Mo ti sọ ọ́ láàárọ̀, sà. Àlàájà ni.”

Àlàájà gun kẹ̀kẹ́. Ó tún ọ̀rá orí ìjókòó ṣe kó tó jókòó. Ó kó ẹsẹ̀ méjèèjì sínú, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ọwọ́ ìdarí mú bí ẹni tó di ìwo àgbò mú. Ó lọ tààrà. Nígbà tó dé ìkangun tí mo ti dójú ti ara mi, kò dẹ̀gbẹ́, nítorí kò sí ohun tó kọ́ ọ rí pé kó dẹ̀gbẹ́. Ó yí ọwọ́, kẹ̀kẹ́ yà. Táyà ẹ̀yìn kan kó sínú kòtò tí ẹsẹ̀ mi gbẹ́, kẹ̀kẹ́ tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ̀gẹ́ méjì yí bọ́ sílẹ̀. Èèyàn ké. Mo fi ọwọ́ bo ojú. A gbọ́ ohùn rẹ̀ tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀, “Dúsúmà, dúsúmà,” kẹ̀kẹ́ sì jáde. Ó tẹ bíréèkì, kẹ̀kẹ́ dúró gírí. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó ṣa ẹ̀gẹ́ méjèèjì, ó nu ẹrẹ̀ kúrò lára wọn, ó dá wọn padà sínú apẹ̀rẹ̀, ó tún gun kẹ̀kẹ́.

Òṣìṣẹ́ ìjọba ní kó fi ẹ̀yìn wọ àárín àga rọ́bà méjì. Ó wọ̀ ọ́, obìnrin Ṣáínà ń pariwo, kò kan àga kankan. Alága ọlọ́kadà sún mọ́ ọn débi pé wọ́n ní kó yẹra.

Lẹ́yìn tó ti tún fáìlì rẹ̀ ṣí, tó fa ìlà pa nǹkan rẹ́ níwájú gbogbo wa, òṣìṣẹ́ náà sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀. Láti ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀, Àlàájà lè gbé ẹrù rẹ̀ láti Ifẹ̀-Ọ̀dàn wọ inú ọjà láàárọ̀, kí èrò tó kún. Bí ọjà bá ti kún, etí ìlú ni kó já a sí. Ìdánwò ni títí ìkórè iṣu yóò fi parí. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò pe Àlàájà àti alága ọlọ́kadà sí ọ́fíìsì láti gbọ́ tẹnu àwọn méjèèjì, kí ìgbìmọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ tó ṣe ìpinnu.

Àlàájà ní, “Àlùhámúdùlíláì.” Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó tún sọ ọ́, ó fi etí ìjáábù nu ojú.

Alága ọlọ́kadà fi ọwọ́ họ orí. “Ọ̀gá, bí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ mi bá fẹ́ ra irú rẹ̀ ńkọ́? Ṣé àwa náà lè gba ìwé àṣẹ?”

“Ẹ lè gbà á. Inú pápá yìí ni ẹ ó ti kọ́ ọ lọ́dọ̀ mẹkáníìkì, èmi ni màá dán yín wò. Ẹni tí kò gun máṣìnì rí, ọjọ́ mẹ́ta. Ẹni tó ti ń gun ọ̀kadà bọ̀, ọjọ́ mẹ́fà.”

“Ẹ̀ẹ́! Àwa tí a mọ̀ ọ́n gùn ni tiwa tún pọ̀ jù?”

Òṣìṣẹ́ ìjọba tún wo ẹsẹ̀ mi. Ó ní, “Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ ni ẹ ó fi gbàgbé ọ̀kadà.” Ó ní lẹ́tà yóò jáde láti ọ́fíìsì òun lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ̀kọ́ yóò sì bẹ̀rẹ̀ bí ilẹ̀ bá ti gbẹ díẹ̀, àti pé ẹnikẹ́ni tí kò bá wọ bàtà tó bo ọmọ ìka ẹsẹ̀ kò ní gorí kẹ̀kẹ́.